Ohun Tí Ojú Mi Rí Lọ́wọ́ Linux

Kọ̀ǹpútà ní kí n tẹ password. Mo tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́, nǹkan kan ò hàn. Mo tẹ èkejì, òfìfo. Lórí Windows tí mo mọ̀, bí èèyàn bá ń tẹ password, àmì róbótó-róbótó á máa tò tẹ̀lé ara wọn, ẹ ó sì mọ̀ pé ọwọ́ yín ń ṣiṣẹ́. Linux yìí, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, ò ní róbótó, kò ní ìràwọ̀, ìlà kékeré tó ń ṣẹ́jú yẹn ò tiẹ̀ kúrò lójú kan. Mo dojú kíbọ́ọ̀dù dé, mo gbọ̀n ọ́n, èérún búrẹ́dì já bọ́. Mo fà á yọ, mo lọ mú ti kọ̀ǹpútà kejì wá. Ibì kan náà la ṣì wà. Ó tó wákàtí kan kí n tó fi ìbínú tẹ password náà délẹ̀, kí n gbá Enter, kí ilẹ̀kùn ṣí. Àṣé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹni tó bá dúró sí ẹ̀yìn yín má baà ka iye lẹ́tà tó wà níbẹ̀.

Ọdún 2006 nìyẹn, ní Agbowó n'Ìbàdàn, lódì kejì títì sí Yunifásítì. Èmi ni mò ń jókòó ti káńtà ní kafé kan. Mò ń ta tikẹ́ẹ̀tì, ọgọ́rùn-ún náírà fún wákàtí kan, mò ń tẹ iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí NEPA bá sì mú iná lọ, èmi náà ni n ó sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀. (Wọ́n ti yí orúkọ NEPA padà sí PHCN nígbà yẹn, àmọ́ ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀?) Kọ̀ǹpútà méjìlá la ní, inú àwo kan ṣoṣo tó wà lórí òrùlé ni gbogbo wọn ti ń mu íntánẹ́ẹ̀tì, kílóbíìtì 128 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Omi ife kan là ń pín fún èèyàn méjìlá. Bí ẹnì kan bá lọ ń wa orin jáde nínú íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn mọ́kànlá yòókù á dojú kọ mí bíi pé èmi ni mo jẹ owó wọn.

Ọ̀rẹ́ ọ̀gá mi kan ló dá àbá Squid. Ohun tí Squid ń ṣe ò ṣòro láti yé èèyàn: bí oníbàárà kan bá ṣí ojú ewé kan, Squid á tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sílé, bí ẹlòmíì bá tún béèrè rẹ̀, ẹ̀dà ilé ló máa gbé fún un, kò sídìí láti tún gòkè lọ bá sátẹ́láìtì lójú ọ̀run. Ní kafé tí gbogbo èèyàn ti ń ṣí iwájú Yahoo kan náà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, owó ńlá nìyẹn. Àmọ́ orí Linux ló ti ń gbádùn ara rẹ̀ jù, àwọn tó ń ta CD lábẹ́ agboòrùn ní Agbowó ò sì ní Linux tà.

Ọ̀rẹ́ ọ̀gá yìí náà ló ní kí n kọ̀wé sí àwọn tó ṣe Ubuntu, oríṣi Linux kan, pé wọ́n á fi CD ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fi nọ́ḿbà àpótí ìfìwéránṣẹ́ ọ̀gá mi ní Dùgbẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí àpò ìwé náà tó dé. Ọ̀gá mi yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Eélòó ni wọ́n ní ká san?"

"Ọ̀fẹ́ ni, sà."

"Ọ̀fẹ́ kẹ̀?"

Ẹ má dá a lẹ́bi. Lára ògiri kafé wa la lẹ ìkìlọ̀ mọ́ nípa àwọn oní-419. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ lọ́dún kan ti mọ̀ pé ohun ọ̀fẹ́ tó ti òkè òkun wá, ìwọ̀ ló wà nínú ẹ̀. Kò jẹ́ kí n fi CD náà sínú ẹ̀rọ kankan títí mo fi ṣàlàyé ohun tó jẹ́. Ìyẹn gan-an ló mú kí èmi náà lọ kà á. Mo sọ fún un pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìlú Helsinki, Linus Torvalds, ló bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní kernel, èkùrọ́ inú rẹ̀, lọ́dún 1991. Pé àwọn Richard Stallman ti wà lẹ́nu irinṣẹ́ tó yí èkùrọ́ náà ká láti 1983, wọ́n ń pe tiwọn ní GNU. Pé lọ́dún 1992 ni Torvalds fi ọwọ́ sí i pé kí ẹnikẹ́ni máa lò ó lábẹ́ ìwé àṣẹ GPL: ẹ lè ka bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ẹ lè tún un ṣe, ẹ lè pín in fún ẹlòmíì, bí ẹ bá sì ti pín in, ẹ ò gbọdọ̀ fi ohun inú rẹ̀ pa mọ́ fún ẹni tó gbà á. Gbogbo èyí kò wọ ọ̀gá mi létí. Ìgbà tí mo wá ní ọmọ South Africa kan, Mark Shuttleworth, ló gbé Ubuntu jáde lọ́dún 2004, pé ọ̀rọ̀ àwọn Zulu àti Xhosa ni orúkọ yẹn, tó sún mọ́ ohun tí àwa ń pè ní "èèyàn laṣọ mi", ó gbójú sókè.

"Ọmọ Áfíríkà ló ṣe é? Fi sí i."

Pentium III àtijọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì sábẹ́ tábìlì ni mo fi sí. Ubuntu 6.06 ni. Squid dìde, mo tọ́ka kọ̀ǹpútà méjìlá sí ojúlé 3128, ẹnu ọ̀nà tí Squid ti ń dáhùn, ìyàtọ̀ sì hàn lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní "Ẹ̀ńjíníà". Ẹ ṣáà mọ bí orí ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ṣe ń rí tí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kẹta, mo fẹ́ yí nǹkan padà nínú squid.conf, fáìlì tí ìlànà Squid wà. Ẹ̀rọ ní mi ò láṣẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó máa ń wá lálẹ́, tó dà bíi pé kò sóhun tí kò mọ̀, ní kí n lo chmod 777, pé ó ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Òótọ́ ló sọ. Kò ṣáà sọ fún mi pé kì í ṣe gbogbo ilẹ̀kùn ló yẹ kó ṣí. Mo tẹ̀ ẹ́ báyìí:

sudo chmod -R 777 /etc

Sudo ló ń yá èèyàn ní agbára ọ̀gá ẹ̀rọ, chmod ló ń yí àṣẹ orí fáìlì padà. Lẹ́tà R yẹn ní kó wọ gbogbo yàrá tó wà nínú /etc, látòkè délẹ̀. Inú /etc yìí sì ni gbogbo ìwé òfin ẹ̀rọ wà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo tún squid.conf mi ṣe, inú mi dùn, mo tún pe sudo fún nǹkan mìíràn, ló bá dá mi lóhùn:

sudo: /etc/sudoers is mode 0777, should be 0440

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo ṣe, nítorí ọdún kan kọjá kó tó yé èmi gan-an. Fáìlì kọ̀ọ̀kan lórí Linux ní onílé, ó ní agbo ilé, ó sì ní ará ìta. Lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n fi ń sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè ṣe: r ni kíkà, w ni kíkọ, x ni mímú ṣiṣẹ́. Ní nọ́ḿbà, 4 ni kíkà, 2 ni kíkọ, 1 ni mímú ṣiṣẹ́, ẹ ó wá rò wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá rí 640, onílé lè kà kó sì kọ, agbo ilé lè kà nìkan, ará ìta ò gbọdọ̀ yọjú. 777 wá ni pé kí gbogbo ayé wọlé, kí wọ́n ka ìwé yín, kí wọ́n kọ tiwọn sí i, kí wọ́n sì dáná sí yàrá. Fáìlì sudoers ló ń sọ ẹni tó lè gba agbára root, ìyẹn ọba ẹ̀rọ. Nígbà tí sudo wá rí i pé ará ìta lè kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé oyè, ó ní òun ò gba ìwé náà gbọ́ mọ́. Sudo ni n bá sì fi tún sudo ṣe. Kọ́kọ́rọ́ ti há sínú yàrá tó yẹ kó ṣí.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni. Mo fi CD ọ̀fẹ́ yẹn gbé ẹ̀rọ dìde, nítorí ó lè ṣiṣẹ́ láìfọwọ́ kan dísìkì. Ìyẹn fún mi ní /etc méjì: ti CD, tó mọ́ tónítóní, àti ti dísìkì, tí mo ti sọ di ọjà. Mo ń wo ọ̀kan, mo ń tún èkejì ṣe, fáìlì lẹ́yìn fáìlì: sudoers 440, shadow (ibi tí password ń gbé) 640, kọ́kọ́rọ́ ssh (ohun tí a fi ń wọ ẹ̀rọ láti ọ̀nà jíjìn) 600. Ilẹ̀ mọ́ bá mi níbẹ̀. Ààbọ̀ ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni mo parí, mi ò ṣe ìsìn, mọ́mì mi sì béèrè bóyá kọ̀ǹpútà ni mò ń sìn báyìí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ni mo tó mọ̀ pé chmod ní ohun kan tó ń jẹ́ --reference, tó máa ń wo àpẹẹrẹ fáìlì kan ṣe òmíràn. Ó wà nínú ìwé ìlànà rẹ̀. Mi ò tíì kà á ni.

Ọjọ́ Ajé ni mo ra ìwé kan tó ní èèpo líle, mo pín in sí ọwọ́ mẹ́ta: ohun tí mo ṣe, ìdí tí mo fi ṣe é, ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ṣì ní in. Ojú máa ń tì mí tí mo bá ń ṣí ibẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pàápàá ojú ewé tí mo kọ eléyìí sí: "Tí o bá pa fáìlì rẹ́, tún ẹ̀rọ tan kí àyè tó ṣí." Irọ́ gbáà ni, bí mo sì ṣe dé ìdí irọ́ náà nìyí.

Lọ́jọ́ kan, mo tẹ df -h láti wo bí dísìkì ṣe kún tó, ó ní 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo wá ohun tó ń jẹ àyè, mo bá access.log, ìwé tí Squid ń kọ gbogbo ojú ewé tí oníbàárà bá ṣí sí. Ó ti wú bí ìyàwó aláboyún. Mo fi rm pa á rẹ́. Mo tún wo df: 98. Mo pa àwọn log mìíràn tí kò ṣe mí ní nǹkan kan: 98. Ara mi ti ń gbọ̀n. Bí mo ṣe fẹ́ nawọ́ sí fódà mìíràn báyìí, NEPA mú iná, UPS tiwa sì ti kú tipẹ́. Nígbà tí mo tan jẹnẹrétọ̀, tí ẹ̀rọ dìde, df ní 41. Ìgbà kan ṣoṣo tí NEPA ṣe mí lóore láyé mi nìyẹn, òun ló sì jẹ́ kí n kọ irọ́ sínú ìwé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé lórí Linux, orúkọ fáìlì àti fáìlì fúnra rẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan náà. Rm kì í wó ilé. Nọ́ḿbà tó wà lára ògiri ló ń yọ. Bí ayálégbé bá ṣì wà nínú ilé, ilé ò ní ṣófo nítorí pé nọ́ḿbà ò sí lára ògiri mọ́. Squid ni ayálégbé yẹn. Ó ṣì di access.log mú, ó ṣì ń kọ̀wé sínú fáìlì tí kò lórúkọ mọ́. Ìgbà tí iná lọ tí Squid kú ni ilé tó ṣófo. Ẹni tó bá fẹ́ rí irú ayálégbé bẹ́ẹ̀ á tẹ lsof +L1, á rí wọn tò sílẹ̀. N bá kàn ní kí Squid fúnra rẹ̀ yí ìwé náà padà, squid -k rotate, wàhálà ò ní sí. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́jọ ni mo ka ọ̀rọ̀ yìí, mo sì padà lọ fa ìlà pupa gba orí irọ́ mi. Mi ò ya ojú ewé yẹn dànù.

Kíkà tí mò ń wí yìí, inú ẹ̀rọ náà ni mo ti kà á. Íntánẹ́ẹ̀tì wà fún oníbàárà tó sanwó. Tí mo bá ń lò ó, owó ọ̀gá mi ni mò ń jẹ. Àmọ́ ìwé ìlànà wà nínú Linux fúnra rẹ̀, ẹ ó tẹ man, ẹ ó wá tẹ orúkọ àṣẹ tí ẹ fẹ́ mọ̀. Lálẹ́, tí a bá ti ti ilẹ̀kùn, mo máa ń ka ọ̀kan tàbí méjì. Àkọ́kọ́ tó ṣe mí láǹfààní ni man hier, tó ń mú èèyàn rìn yí agboolé náà ká: ohun tó wà ní /etc, ohun tó wà ní /var, ìdí tí /tmp fi wà. Ká ní mo ti kà á kí n tó tẹ 777 yẹn! Wọ́n gbẹ o, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹni tó kọ wọ́n kò rò pé ẹnì kan á fi oorun kà á. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe àgàbàgebè bí akẹ́kọ̀ọ́ alẹ́ yẹn.

Lọ́dún 2011 mo kó wá sí Ṣómólú l'Ékòó, níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí bí eéṣú. Ilé ìtẹ̀wé kan gbà mí láti máa bójú tó kọ̀ǹpútà wọn. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé orin, èyí tó sì pọ̀ jù, ìwé ètò ìsìnkú. Màdáàmù tó ni ibẹ̀ fẹ́ kí gbogbo iṣẹ́ wà lójú kan, kí oníbàárà tó bá padà wá lẹ́yìn ọdún kan lè rí tirẹ̀. Debian, oríṣi Linux mìíràn, ni mo fi sórí server wọn, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú iṣẹ́ gbogbo wọn. Ian Murdock ló dá Debian sílẹ̀ lọ́dún 1993, orúkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Debra, ló sì so mọ́ tirẹ̀ tó fi di Debian. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lo sudo níbẹ̀, ẹ̀rọ bá mi wí díẹ̀ kó tó gbà: pé kí n bọ̀wọ̀ fún àṣírí ẹlòmíì, pé kí n ronú kí n tó tẹ nǹkan. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti rò pé mo ti kọjá ibẹ̀ yẹn.

Mo ra dísìkì kejì, mo so ó mọ́ fódà kan tí mo sọ ní /mnt/ipamo, mo wá ní kí cron, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ lásìkò tí a bá dá fún un, máa fi tar, ètò tó ń di fáìlì pọ̀, kó gbogbo iṣẹ́ síbẹ̀ ní aago mọ́kànlá alẹ́. Àárọ̀ kejì mo wò ó, ẹ̀dà wà níbẹ̀. Mo sọ fún Màdáàmù pé kí wọ́n má mikàn.

Ọwọ́ ni mo fi so dísìkì náà. Mi ò kọ ọ́ sínú /etc/fstab, ìwé tí ẹ̀rọ máa ń kà nígbà tó bá ń jí láti mọ dísìkì tó yẹ kó so. Ní oṣù Kẹta, iná lọ títí UPS fi rẹ̀. Ẹ̀rọ kú, ẹ̀rọ jí, kò so dísìkì kejì. Ṣùgbọ́n fódà /mnt/ipamo ṣì wà níbẹ̀, òfìfo, lórí dísìkì àkọ́kọ́. Tar ò mọ ìyàtọ̀. Alaalẹ́ ló ń kó iṣẹ́ láti orí dísìkì àkọ́kọ́ sórí dísìkì àkọ́kọ́, bí ẹni tó ń ti owó àpò ọ̀tún bọ àpò òsì tó ní òun ń fowó pamọ́ sí báńkì. Cron ò sọ pé nǹkan kan ṣe. Nǹkan kan ò sì ṣe, lójú tirẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá, dísìkì àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dún ká, ká, ká. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìró yẹn rí mọ̀ ọ́n. Ó dákẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo sọ fún Màdáàmù, mo tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, pé ẹ̀dà wà. Mo fa dísìkì kejì jáde, mo so ó mọ́ ẹ̀rọ mìíràn, mo tẹ ls -l. Ẹ̀dà tó kẹ́yìn, oṣù Kẹta ni. Mo tún un tẹ̀. Oṣù Kẹta. Mo rántí pé mo fọwọ́ nu ojú kọ̀ǹpútà náà bíi pé ìdọ̀tí ló bo déètì yẹn.

Iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ. A rí díẹ̀ gbà padà lórí fláàṣì àwọn ayàwòrán, a rí díẹ̀ nínú ímeèlì àwọn oníbàárà. Ìyókù wọmi. Màdáàmù ò pariwo. Ó wò mí, ó ní, "Ìwọ lo ní ẹ̀dà wà." Ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá sàn.

Ní alẹ́ yẹn mo gbé ìwé èèpo líle mi jáde, mo ka gbogbo ìjàǹbá tó ti ṣẹlẹ̀ láti Agbowó. Mọ́kàndínlógún. NEPA ló ni márùn-ún. Irin tó bàjẹ́ fúnra rẹ̀, mẹ́ta. Ẹni tó ti ìta wá ṣe wá ní jàǹbá, kò sí. Ọwọ́ mi ló ṣe mọ́kànlá yòókù, àṣẹ tí èmi fúnra mi tẹ̀, tàbí èyí tó yẹ kí n tẹ̀ tí mi ò tẹ̀. Nínú mẹ́sàn-án lára mọ́kànlá yẹn, ẹ̀rọ ti fi ibi tí nǹkan wà hàn mí ṣáájú, ká ní mo bi í. Tí mo bá ti tẹ mount ní oṣù Kẹrin, kó sọ ohun tó so mọ́ ara rẹ̀ fún mi, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí. Ìṣẹ́jú àáyá méjì. Láti ìgbà náà, kí n tó pàṣẹ fún ẹ̀rọ kankan, mo máa ń kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tó dúró sí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń kí kọ̀ǹpútà kí n tó bá a sọ̀rọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọmọ Yorùbá ṣáà ni mí.

Ẹ ẹ̀ sì ní gbọ́ kí n sọ pé àwọn olè ìta ò sí o. Lẹ́yìn náà, nígbà tí mo háyà server kan ní Jámánì, kò tíì pé wákàtí kan tí auth.log, ìwé tí ẹ̀rọ ń kọ àwọn tó fẹ́ wọlé sí, fi kún fún àwọn tó ń gbìyànjú password root, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, láti ibi tí mi ò mọ̀. Mo pa wíwọlé pẹ̀lú password, mo fi kọ́kọ́rọ́ ssh rọ́pò rẹ̀. Lọ́dún 2014, ihò ààbò ńlá méjì jáde, Heartbleed ní oṣù Kẹrin, Shellshock ní oṣù Kẹsàn-án, àmọ́ àtúnṣe wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá ń ṣe apt-get upgrade, àṣẹ tó ń gba àtúnṣe wọlé, déédéé. Àmọ́ ta ló ti mí síta server yẹn lọ́jọ́ tí mi ò lè wọlé fún odindi alẹ́ kan? Èmi náà ni. Mo tẹ ufw enable, àṣẹ tó ń ti ojúlé pa mọ́ ará ìta, mo gbàgbé láti kọ́kọ́ sọ fún un pé kó ṣí ojúlé 22, tí ssh ń gbà, sílẹ̀ fún mi. Èmi wà ní Ṣómólú, server wà ní Jámánì, mo sì fọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi.

Ní ti ìpamọ́, ohun tí mo ṣe rèé. Mo kọ dísìkì kejì sínú fstab pẹ̀lú UUID, nọ́ḿbà ìdánimọ̀ rẹ̀ tí àṣẹ blkid fi hàn, nítorí orúkọ tí ẹ̀rọ ń pe dísìkì, sda lónìí, lè di sdb lọ́la. Mo ní kí tar kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mountpoint bóyá dísìkì wà níbẹ̀, bí kò bá sí, kó dúró kó sì ké. Mo wá fi chattr +i ti fódà òfìfo tó wà nísàlẹ̀ pa, kó má lè gba nǹkan kan sínú bí dísìkì ò bá sí lórí rẹ̀. Dísìkì kẹta wà nílé mi, mo ń gbé e lọ gbé e bọ̀ lọ́jọọjọ́ Ẹtì.

Àmọ́ o, ẹ̀dà tún fi nǹkan mìíràn hàn mí, ẹni tó bá ń fi Yorùbá gidi sọ fáìlì lórúkọ á fẹ́ gbọ́ ọ. Ayàwòrán wa kan ń lo Mac, òmíràn ń lo Windows. Nínú fódà kan ni mo ti rí fáìlì méjì tí wọ́n jọ ń jẹ́ "Ètò Ìsìnkú Màmá Ọ̀ṣun.pdf". Orúkọ kan náà, fódà kan náà. Linux ò sì gbà kí èyí ṣẹlẹ̀! Mo fi hexdump, tó ń fi nọ́ḿbà tí ẹ̀rọ fi kọ lẹ́tà hàn, wo inú orúkọ méjèèjì. Ọ̀kan kọ Ọ pọ̀ mọ́ àmì abẹ́ rẹ̀ bí ẹyọ kan, E1 BB 8C. Èkejì kọ O gbalasa, 4F, ó wá fi àmì abẹ́ tẹ̀ lé e lọ́tọ̀, CC A3. Lójú wa, Ọ náà ni Ọ. Lójú dísìkì Linux, wọ́n jìnnà síra wọn bí A ṣe jìnnà sí Z, nítorí bí lẹ́tà bá ṣe dé ni òun ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Mac ìgbà náà máa ń tú àmì kúrò lára lẹ́tà kó tó tọ́jú orúkọ. Windows ń fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Torí náà, bí rsync, ètò tó ń da fáìlì kọ, bá kó iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ Mac wá, ó ń rò pé fáìlì tuntun ni. Irinṣẹ́ kékeré kan, convmv pẹ̀lú --nfc, ló so gbogbo wọn padà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lò ó, ẹ kọ́kọ́ wo méjèèjì o, nítorí nínú méjì wa yẹn, ọ̀kan ni wọ́n ti tún ṣe, èkejì ṣì ní ọjọ́ orí màmá náà ní 78 dípò 87.

Ẹni tó bá sì rò pé Yorùbá ò sí nínú Linux, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà níbẹ̀ tipẹ́. Lórí ẹ̀rọ tó bá ṣì ń lo X11, ètò àtijọ́ tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ setxkbmap ng yoruba, kí ẹ wá rí i. Mo kọ́ gbogbo ayàwòrán wa lò ó. Ẹni tó ń lo Mac nìkan ló ṣì ń bá mi jà.

Ní báyìí, ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ oṣù, mo máa ń di ojú mú fáìlì kan nínú ẹ̀dà, n ó dá a padà sórí ẹ̀rọ òfìfo, n ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kí n fi ojú rí i. Oṣù tó kọjá, ti Màmá Ọ̀ṣun yẹn ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, bó ṣe jẹ́ gan-an, àmì ohùn pé, 87 sì ni. Mo gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì. Màdáàmù kọjá, ó mú un, ó wo fọ́tò iwájú rẹ̀, ó wo èmi náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n tún fẹ́ sin màmá yìí ni?"